Ẹ má tíì ra kámẹ́rà yẹn, mà

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà kẹ́mísírì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ọ̀bá-Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́ níbí ni mo ń gbé. Ní gbogbo Sátidé ni mo máa ń fi wákàtí mẹ́ta kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC àti JAMB ní lẹ́sìn. Láti ọdún tó kọjá ni àwọn òbí ní Ìdànrè, Oǹdó àti Ìgbọ́kọ̀dá ti ń pè mí pé àwọn ọmọ tiwọn náà fẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò jẹ́. Mo wá fẹ́ máa gbé e jáde láìfù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè máa wò mí bí mo ṣe ń kọ́ ọ. Ọmọ kan tó ń ta irinṣẹ́ ìyàwòrán ní kámẹ́rà kan wà tó máa gbé mi yọ dáadáa, ₦380,000. Gbogbo ohun tí mo ní nínú kọpuréétìfù kò ju ₦400,000 lọ. Ṣé kí n rà á? Àwọn ọmọ tó ti forúkọ sílẹ̀ ti pé 43. Ìyá Tíṣà, Ọ̀bá-Ilé.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ má tíì ra kámẹ́rà yẹn. Mi ò sọ pé kò dára o. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú gbogbo nǹkan tó lè ba lẹ́sìn yín jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ló kẹ́yìn. Fóònù tí ẹ fi kọ̀wé sí mi ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ burú jù lọ nínú àwọn 43 yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ètò, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ̀kọ́ bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn nìyẹn.

Ọ̀nà tó dùn mí ni mo gbà kọ́ èyí. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní kí n bá àwọn gbé ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì jáde. Mo gbé kámẹ́rà mẹ́ta lọ, mo to iná yí olùkọ́ ká. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni mo yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, ó ń sáré bí ẹṣin. Ṣùgbọ́n agogo mẹ́jọ alẹ́ ni ìdálẹ́kọ̀ọ́ gan-an bẹ̀rẹ̀, àsìkò tí gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, tí kálukú ń wo fídíò tiẹ̀. Àwòrán wa dúró gbagidi, ẹnu olùkọ́ là sílẹ̀, kò sì pa dé mọ́. Ohùn náà gé. Nígbà tí mo pe ìyá kan tó ń wò wá láti Ọ̀kà kí n lè tọrọ àforíjì, ohun tó sọ ni pé, "Kì í ṣe àwòrán ló dùn mí. Ká ní mo ṣáà ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni." Láti ọjọ́ náà, ohùn ni mo kọ́kọ́ máa ń tọ́jú, àwòrán á tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹ̀kọ́ ṣe ń rìn, torí ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ìdí ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ní Ọ̀bá-Ilé, ọ̀rọ̀ yín kì í gba tààrà lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá. Fóònù yín á kọ́kọ́ dì í pọ̀ bí ẹni di ẹrù, á gbé e sókè lọ sí kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì tí ẹ ń lò. Ibẹ̀ ni fóònù àwọn ọmọ á ti máa fà á wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé bí ọmọ bá jẹ́ 43, ìlọ́po 43 ni dátà tí wọ́n máa fi gbé e sókè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa gbé e sókè, ilé iṣẹ́ yẹn ló ń pín in.

Nítorí náà, ìyára ìgbésókè ni kí ẹ máa wò lọ́dọ̀ yín. Ìkànnì tí wọ́n fi ń wọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń fi nọ́ńbà méjì hàn, ti ìfàwálẹ̀ àti ti ìgbésókè. Ti ìfàwálẹ̀ ló sábà máa ń tóbi, òun ni àwọn tó ń ta dátà sì fi ń polówó. Ẹ gbójú kúrò níbẹ̀. Bí ìgbésókè yín bá jẹ́ 1.5 Mbps (ìwọ̀n bí dátà ṣe ń kọjá tó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ní agogo tí lẹ́sìn ń wáyé, àwòrán àti ohùn yín papọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ìdajì tó kù ni àyè ìmí, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró sójú kan. Mo tún un sọ: agogo tí lẹ́sìn ń wáyé ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìgbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ẹ lè gbà gbé e jáde, ìyàtọ̀ wọn kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ rántí àmù tó máa ń wà ní igun yàrá màmá wa nílé àtijọ́. Wọ́n á pọnmi kún un, ẹni tí òùgbẹ bá gbẹ á bù ú mu. Bí ẹni tó lọ pọnmi bá tiẹ̀ pẹ́ lọ́nà, ẹni tó ń mumi kò ní mọ̀. Bí YouTube àti Facebook ṣe ń gbé láìfù jáde nìyẹn. Wọ́n á gé fídíò sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ, fóònù ọmọ á kó ègé bíi mélòó kan jọ sínú àmù tiẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn án. Ó ń fara da nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ń wò ti tó ìgbà díẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀, nígbà mìíràn ó lè tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ó yé yín?" Kí "Rárá, mà" tó dé, ẹ ti fi ìlà méjì ṣíwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ni pẹ́ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ọmọ tí ẹ̀rù kẹ́mísírì ń bà.

Ọ̀nà kejì ni ti Zoom àti Google Meet. Kò sí àmù ńlá níbẹ̀, láti inú korobá bọ́ sẹ́nu ni. Kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá kan tí nǹkan bá dára, ọmọ lè dá yín lóhùn bí ẹni jókòó tì yín. Ṣùgbọ́n bí korobá bá já, òùgbẹ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Fún ọmọ 43, ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ fún yín, kí gbogbo ọmọ sì pa kámẹ́rà tiwọn. Bí wọ́n bá tàn án, dátà á máa jò lọ́dọ̀ gbogbo yín láìnídìí. Èyí tí Zoom ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ gba 100 èèyàn, ìṣẹ́jú 40 ló sì ń jẹ́ kéèyàn lò. Ti Google Meet gba 100 náà, wákàtí kan ni. Ẹ máa rò pé ìṣẹ́jú 40 kéré. Èmi rò pé ó tó, bí ẹ bá gbà pẹ̀lú mi lórí ohun tó kàn yìí.

Ẹ má gbé wákàtí mẹ́ta jáde láìfù. Àlàyé tó jẹ́ pé ẹnu yín nìkan ló ń sọ ọ́, tí ọmọ kankan kò dá sí i, kò sí ohun tí láìfù fi kún un. Ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù ní alẹ́ Ọjọ́rú, bíi ìṣẹ́jú 12, kí ẹ dín bí àwòrán ṣe tóbi kù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ní 300 kbps (1,000 kbps ló wà nínú 1 Mbps), kò ju bíi 27MB lọ. Ọmọ á fà á wálẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára ní àdúgbò tiẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Á dá a dúró níbi tí kò yé e, á tún un wò lẹ́ẹ̀mẹta, á fi fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fóònù sí fóònù láìná kọ́bọ̀. Nígbà tó bá di Sátidé, ìbéèrè ló máa gbé wá. Ìbéèrè yẹn ni láìfù wà fún. Láìfù ni ẹ lè fi gbọ́ pé ohùn ọmọ kan ń gbọ̀n nígbà tó dé orí "mole", tí ẹ máa fi dá àwọn yòókù dúró, tí ẹ máa padà sẹ́yìn nítorí òun nìkan. Kò sí fídíò tó lè ṣe ìyẹn.

Ẹ wo ohun tó máa ná ọmọ. Bí ẹ bá gbé wákàtí mẹ́ta jáde pẹ̀lú àwòrán kámẹ́rà ńlá yẹn, ká ní 2.5 Mbps, á jẹ bíi 3.4GB lọ́dọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kan, 13.5GB láàárín Sátidé mẹ́rin. Ọmọ apẹja wo ní Ìgbọ́kọ̀dá ló máa rí ìyẹn rà? Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 40 ní 500 kbps, 150MB ni, 600MB lóṣù. Bí ọmọ bá ń gbọ́ ohùn nìkan ní 64 kbps, kò tó 20MB fún lẹ́sìn kan. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ ṣètò rẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé ẹni tó ń gbọ́ ohùn nìkan náà á rí ẹ̀kọ́ kọ́.

Báwo ni ẹ ṣe máa ṣe é? Ẹ jẹ́ kí ìwé ṣáájú ohùn. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Ní 1951, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ orí rédíò sílẹ̀ ní Alice Springs ní Ọsirélíà fún àwọn ọmọ tó ń gbé ní oko màlúù tó jìnnà réré sí ìlú. Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1971, BBC ló ń bá wọn gbé e sáfẹ́fẹ́, wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí di 2006. Níbi méjèèjì, ìwé ti máa ń dé ilé akẹ́kọ̀ọ́ kí ohùn tó dé. National Open University tiwa náà, tó ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, ìwé ẹ̀kọ́ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn. Nítorí náà, ẹ kọ ojú ewé kan, ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ bá sọ pé, "Ẹ wo ìlà keje" lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ tí àwòrán rẹ̀ kò yọ mọ ibi tí ẹ wà.

Nísinsìnyí, kẹ́mísírì gan-an. Ibí yìí ni mo ti ń rò ó fún yín jù, torí iṣẹ́ yín kò dà bí ti ẹni tó ń kọ́ni ní ìtàn. Fóònù tó ń di àwòrán pọ̀ kò mọ kẹ́mísírì. Bí àyè bá fún, ohun tó kéré, tó sì tín-ín-rín, ló máa ń kọ́kọ́ jù nù. Nínú H₂SO₄ (ásíìdì sọ́fúríìkì), 2 àti 4 ló máa bá a lọ, ọmọ á sì kọ HSO sínú ìwé. CO₂ á di CO. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé CO ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun. Kì í ṣe àṣìṣe tí èèyàn fẹ́ kọ́ ọmọ. Nítorí náà ẹ pa pátákó tì. Ṣọ́ọ̀kì máa ń ṣe eruku, pátákó máa ń tàn yòò, àwòrán kékeré kì í gbé e dáadáa. Ẹ gbé bébà funfun sórí tábìlì, ẹ so fóònù mọ́ nǹkan tó ga kó kọjú sílẹ̀ sórí bébà náà, ẹ fi máákà dúdú tó nípọn kọ ọ́. Ìlà márùn-ún péré lórí bébà A4 kan. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ kọ ọ́ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lẹ́tà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sì kọ ọ́, ẹ fi ẹnu sọ ọ́. Ojú yín kò pọn dandan. Ẹ fi hàn wọ́n fún ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ kí wọ́n mọ̀ pé màmá wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà kí ọwọ́ yín máa ṣiṣẹ́.

Ohùn wá. Inú yàrá tó ní táìlì nílẹ̀ tí kò sí kọ́tìnì, ìparí ọ̀rọ̀ máa ń sọnù. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn, ẹ mọ bí "thirteen" àti "thirty" ṣe jọra létí, àti "fifteen" pẹ̀lú "fifty". Ọmọ tó gbọ́ 50 cm³ dípò 15 ti ṣe ìṣirò náà bó ti tọ́, ó sì gba òdo. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ rà, tí kò sì wọ́n, ni máìkì kékeré oníwáyà tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ láyà. Ẹ há a sí bí ìka mẹ́rin sí mẹ́fà sísàlẹ̀ àgbọ̀n. Kò sí ohun tó dà bí kí máìkì súnmọ́ ẹnu; kámẹ́rà ₦380,000 tí máìkì rẹ̀ wà ní òdìkejì yàrá kò lè gbọ́ yín bíi tirẹ̀. Ẹ pa fáànù. Ẹ kọ́ aṣọ sójú fèrèsé. Bí ìrọ̀lẹ́ bá sì jẹ́ ìgbà òjò, tí òjò ń lu páànù, kò sí máìkì tó lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fi lẹ́sìn sí àárọ̀. Àárọ̀ Sátidé, bíi agogo méje, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kì í tíì pọ̀ lérò. Ẹ kàn kọ́kọ́ bi àwọn òbí léèrè ọjọ́ ọjà wọn kí ẹ tó fi agogo sí i.

Iná ọba, ẹ má gbára lé e rárá. Ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá, ariwo rẹ̀ á bo ohùn yín. Fóònù kan àti ẹ̀rọ MiFi kan (ẹ̀rọ kékeré tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì síìmù) kò jẹ iná púpọ̀. Páwà báńkì 20,000 mAh kan máa gbé méjèèjì kọjá lẹ́sìn náà dáadáa. Ẹ ní síìmù méjì láti ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan nínú fóònù, ọ̀kan nínú MiFi. Ìyẹn náà kò tó nígbà mìíràn. Ní March 14, 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ létíkun Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àti báńkì ní Nàìjíríà sì wà nínú ìnira lọ́jọ́ kan náà. Síìmù méjì kò lè gba èèyàn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Àlàyé tí ẹ ti gbà sílẹ̀, tó ti wà lórí fóònù àwọn ọmọ láti Ọjọ́rú, ló máa gbà yín.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ní wàhálà tiẹ̀. Ní Ìdànrè, òkúta ńlá yẹn máa ń dí ìgbì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́nà. Ọmọ tó jókòó sẹ́yìn àpáta lè má rí nǹkan kan, kó wá rìn dé ẹ̀gbẹ́ títì kí gbogbo rẹ̀ wọlé. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá ibi tiwọn ṣáájú, kí wọ́n má ṣe rò pé fóònù ló bàjẹ́. Ní Ìgbọ́kọ̀dá, bí ẹ bá rí ọmọ mẹ́rin níbẹ̀, ẹ kó wọn jọ sídìí fóònù kan pẹ̀lú sípíkà kékeré kan, ní ilé òbí tí ilé rẹ̀ bá gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì jù. Dátà ẹnìkan ni wọ́n máa ná, wọ́n á sì máa ran ara wọn lọ́wọ́. Èmi fẹ́ràn èyí ju kí kálukú dá jókòó lọ.

Nǹkan méjì kékeré. Bí ẹ bá fẹ́ máa gba ohùn àwọn ọmọ sílẹ̀ nígbà lẹ́sìn, ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ òbí wọn. Òfin ìdáàbòbò dátà wa ti 2023 fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Bí ẹ bá sì lo YouTube lọ́jọ́ kan, ẹ má fi orin olórin sí i kí wọ́n tó péjọ. YouTube lè gé yín kúrò nítorí rẹ̀.

Owó kọpuréétìfù yín ńkọ́? Máìkì, ohun tí ẹ máa so fóònù mọ́, páwà báńkì, síìmù kejì. Èyí tó bá kù, ẹ fi pamọ́, kí ẹ máa fi ra dátà lóṣooṣù fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní. Èyí máa jẹ́ kí ọmọ púpọ̀ sí i kọ́ kẹ́mísírì ju bí kámẹ́rà yẹn ṣe lè ṣe é lọ.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ṣe èyí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ní agogo tí ẹ bá yàn fún lẹ́sìn, ẹ pe ọmọ Ìgbọ́kọ̀dá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ burú jù sórí Google Meet. Ẹ kọ H₂SO₄, KMnO₄ àti Na₂CO₃ sórí bébà, ẹ má sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ gbé bébà kúrò, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́wàá sí i létí, kí 13, 30, 15 àti 50 wà nínú wọn. Kí ó kọ ohun tó rí àti ohun tó gbọ́, kó ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yín. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ pe àwọn 42 yòókù. Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá sọnù, ẹ kọ ọ́ tóbi sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn ló sọnù, ẹ pa àwòrán kí ẹ tún un kà. Ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí èmi náà, mà. Mo fẹ́ rí i.